Ọta Òjé

Ọta òjé ni ọta roboto tí a fi òjé dà fún ìbọn ṣakabùlà àti ìbọn mìíràn tí a ń ki láti ẹnu.

Bí a ṣe ń dà á. Òjé máa ń yọ́ ní 327°C, nítorí náà iná èédú lásán ti tó o. A ó yọ́ ọ nínú ìkòkò irin, a ó gbọ́n ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò, a ó sì dà á sínú mọ́ọ̀dù irin tó gbẹ, tó sì móoru. Tó bá ti dì, a ó gé ìrù rẹ̀. Bí omi bá kán sínú òjé yíyọ́, yóò ta lu ènìyàn.

Nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn ṣakabùlà wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n dípò òjé, irin ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilé sábà ń rọ ní ọta nígbà náà. Títí di òní, àwọn ọdẹ ṣì ń lo ìbọn yìí.

Ewu. Májèlé ni òjé. Èéfín àti eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, eruku òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ́ òjé nínú ilé, nínú ìkòkò oúnjẹ, tàbí nítòsí ọmọdé.

Òfin. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn ṣakabùlà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.