Ohun Tó Gbé Obìnrin Dé Ìdí Òwò Nàbì

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ka nǹkan dé ẹ̀fà, tó rò pé èje nìkan ló kù, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bí a bá bèèrè nígboro pé kí ló ń sọ obìnrin di aṣẹ́wó, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ìmẹ́lẹ́ ni, tàbí ojúkòkòrò. Àwọn tó láàánú lójú yóò ní ìṣẹ́ ni. Ìdáhùn kejì sàn, ṣùgbọ́n kò tíì dé gbòǹgbò ọ̀rọ̀, nítorí àwọn tálákà tí kò ṣe òwò nàbì pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe é lọ fíìfíì.

Ní 1858, William Sanger, dókítà àgbà ilé ìwòsàn Blackwell's Island ní New York, gbé ìwé ńlá kan jáde. Wọ́n ti bi 2,000 obìnrin tó wà nídìí òwò yìí pé kí ló fà á. 525 ní àìní ni. 513 ní ó wu àwọn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ dá wọn lẹ́bi lè mú 513 yẹn kó sì máa lọ. Sanger kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn kan nínú wọn wò. Ọ̀kan ń lọ sílé ijó, ibẹ̀ ló ti pàdé àwọn tó ń tàn án pé ayé ìrọ̀rùn ni àwọn ń jẹ. Òmíràn, ọtí ló gbé e lọ. Lẹ́yìn "ó wù mí" ni ìtàn gan-an wà.

Ní 1893 ní Itálì, Cesare Lombroso àti Guglielmo Ferrero wọn agbárí, wọ́n wo ojú, wọ́n sì ní a bí òwò náà mọ́ àwọn obìnrin kan ni. Àwọn onímọ̀ ti kọ ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá wí lónìí pé "inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà", ọ̀rọ̀ Lombroso ló ń tún sọ láìmọ̀.

Ohun tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ ni èyí: ohun tó gbé èèyàn wọ inú òwò náà yàtọ̀ sí ohun tó dè é mọ́ ibẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn tàbí òpópónà òru ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá sábà máa ń bá àwọn obìnrin wọ̀nyí pàdé, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Wọ́n rí àìsùn, ẹ̀rù, oògùn olóró, wọ́n sì sọ pé òun ló fà á. Ṣé oògùn ló ṣíwájú ni, àbí òwò? Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kí wọ́n lè fara da òru ni.

Ní 1981, Mimi Silbert àti Ayala Pines kọ̀wé nípa 200 obìnrin tó ń ṣe òwò yìí ní San Francisco. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́n ti bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nígbà èwe. Iye náà wúwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ti débẹ̀ nìkan la bi. Cathy Spatz Widom gba ọ̀nà kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọdé tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ti kọ ìyà tó jẹ wọ́n sílẹ̀ láàárín 1967 sí 1971, ó fi àwọn ọmọ mìíràn tó jọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì dúró títí wọ́n fi dàgbà. Nígbà tí òun àti Joseph Kuhns kọ̀wé ní 1996, ó hàn pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bá ṣe ìṣekúṣe wọ òwò náà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí òbí kàn pa tì. Ti àwọn wọ̀nyí ló ká mi lára jù. Ọmọ tí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé, ẹni tó bá kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn ni yóò dá iye tó máa san. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ìyà jẹ ni kò débẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọgbẹ́ èwe ṣe ìdájọ́ ọmọ.

Nínú ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas tẹ̀ jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, aṣẹ́wó àtijọ́ kan tí àìsàn dá wó ló ń ròyìn ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ròyìn láti orí ibùsùn àìsàn, àbámọ̀ ti bá a dá sí ìtàn náà. Ìdí kan tí a gbọ́ kì í sì í dá nìkan wà. Ohun tí òwe wa ń wí náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó láti Bìní lọ sí Itálì fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó gbé èèyàn wọ òwò náà àti ohun tó dè é mọ́ ibẹ̀ hàn kedere. Ìlérí iṣẹ́ onídìrí àti ìrètí àwọn ará ilé ló gbé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé. Ìmùlẹ̀ ojúbọ, níbi tí wọ́n ti gba irun àti èékánná wọn, ló dè wọ́n mọ́ gbèsè màdáámù, obìnrin tó ń fi wọ́n ṣòwò. Ọlọ́pàá lè mú màdáámù, kí ọmọ náà kọ̀ láti jẹ́rìí, torí inú rẹ̀ lẹ́rù wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare II ti Bìní kó àwọn olójúbọ jọ sí ààfin, ó tú gbogbo ìmùlẹ̀ náà, ó sì gégùn-ún fún àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò. Àwọn obìnrin kan ní Yúróòpù tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ sísan gbèsè. Ọ̀rọ̀ Ọba tú okùn tó dè wọ́n. Kò dé ọ̀dọ̀ ohun tó gbé wọn jáde nílé: àìníṣẹ́, àbúrò tí kò sówó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ojú tí àwọn ará ilé fi ń wo ẹni tó lọ tó dé lọ́wọ́ òfo. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tí wọ́n dá padà sílé fi tún gbéra lọ.