Pèpéle tí ń rìn nínú géèmù

Pèpéle tí ń rìn ni ilẹ̀, pákó tàbí òkúta inú géèmù orí kọ̀ǹpútà tí kì í dúró sójú kan, tí ẹ̀dá inú géèmù sì gbọ́dọ̀ gùn kí ó tó lè kọjá. Ó ti wà nínú Donkey Kong, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé jáde ní ọdún 1981, ó sì wà nínú Super Mario Bros. ti ọdún 1985. Ó dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ń ṣeré, ṣùgbọ́n kì í rọrùn fún ẹni tí ń kọ ètò rẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣòro

Ní ayé gidi, ẹni tí ó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi ń bá ọkọ̀ náà lọ láìṣe wàhálà kankan. Galileo Galilei ti ilẹ̀ Ítálì ṣàlàyé èyí nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1632. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, ibi tí pèpéle wà àti ibi tí ẹ̀dá wà jẹ́ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti pèpéle bá yí padà, ti ẹ̀dá kò ní yí padà àfi bí ètò bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òdòde Ìdànrè fẹ́ fi Òkè Ìdànrè ṣe géèmù. Àtẹ̀gùn òkè náà gan-an, tí ó ju 600 lọ, kì í mira, ṣùgbọ́n nínú géèmù yìí òkúta kan ń fò láti orí òkè kan sí èkejì. Bí òkúta náà bá ń sáré mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì ń ya àwòrán tuntun nígbà 60 láàárín àkókò yẹn, sẹ̀ǹtímítà 5 ni yóò fi ṣípò nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí fífẹ̀ òkúta bá jẹ́ mítà 2, ẹni tí ó dúró ní àárín rẹ̀ yóò já sí àfonífojì kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé, láìjẹ pé ó ṣe àṣìṣe kankan.

Pèpéle tí ń sọ̀ kalẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ó lè yára ju bí ẹ̀dá ṣe ń já bọ̀ lọ, débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀dá yóò máa kúrò lára rẹ̀ léraléra. Ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà gbà pé ojú òfurufú ni ó wà, kò sì ní jẹ́ kí ó fò.

Ọ̀nà àbáyọ

Ọ̀nà tí ó ṣe é gbára lé jù ni kí ètò ṣírò iye tí pèpéle fi ṣípò, kí ó sì fi iye kan náà kún ipò ẹ̀dá tí ó wà lórí rẹ̀. Pèpéle ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣípò. Bí ẹ̀dá bá ṣáájú, yóò máa fi àwòrán kan rẹ̀yìn, ara rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n lójú ẹni tí ń wò ó. Kí pèpéle tó ṣípò pàápàá ni ó yẹ kí a ti mọ ẹni tí ó gùn ún, nítorí lẹ́yìn náà wọn kì í fara kan ara wọn mọ́.

Àwọn mìíràn a máa so ẹ̀dá mọ́ pèpéle bí ọmọ mọ́ ìyá, pàápàá nínú Unity. Ó yá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fa pèpéle gùn, ẹ̀dá náà lè gùn gbọọrọ pẹ̀lú rẹ̀.

Pèpéle tún lè gbá ẹ̀dá mọ́ ògiri. Nínú Celeste (2018), pèpéle a máa ti ẹ̀dá síwájú. Bí àyè kò bá sí mọ́, ẹ̀dá náà kú.

Fífò kúrò

Kọ́ńdọ́ tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú danfo tí ń lọ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sáré tẹ̀lé e díẹ̀, nítorí eré ọkọ̀ ṣì wà lára òun. Ẹ̀dá tí ó bá fò kúrò lórí pèpéle yẹ kí ó gbé eré pèpéle lọ bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkúta yóò ti sá lọ lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Godot fún olùkọ ètò ní ọ̀nà mẹ́ta: kí ẹ̀dá gba gbogbo eré náà, kí ó gbà á láìgba èyí tí ń fà á sísàlẹ̀, tàbí kí ó má gba nǹkan kan. Èkejì wúlò fún pèpéle tí ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ó ń dáàbò bo gíga fífò.