Bí a ṣe ń díye lé ìrìn-àjò afẹ́ nínú igbó ìjọba

Igbó ìjọba méjì ni ó sún mọ́ àwa ará Kambolé. Èkíní ni igbó Abdoulaye, ní agbègbè Tchamba àti Tchaoudjo, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1951. Ó fẹ̀ tó 30,000 hẹ́kítà. Èkejì ni Fazao-Malfakassa, ní ìwọ̀-oòrùn Sokodé, tí ó di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1975. Ó fẹ̀ tó 192,000 hẹ́kítà. Àjọ Franz Weber ni ó bójú tó o láti 1990 sí 2015.

Owó ìwọlé nìkan kọ́ ni iye igbó. Ní 1947, Harold Hotelling, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí a ṣírò owó tí àlejò ná lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ti Lomé wá, ìrìn bí 340 kìlómítà, ná ju ará Sokodé lọ. Bí a bá ka iye àlejò tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń rán wá, tí a sì fi wé owó ọ̀nà wọn, a ó mọ bí igbó náà ti níye lórí tó lójú wọn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a bi àwọn ènìyàn ní iye tí wọ́n fẹ́ san kí igbó má bàa run. Èyí kan ẹni tí kò débẹ̀ rí pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yọ ohun tí ará abúlé pàdánù kúrò: ilẹ̀ oko, igi ìdáná, èso òrí, oyin. Nígbà rògbòdìyàn òṣèlú ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Tógò padà wọ igbó ìjọba láti dáko. Bí èrè kò bá dé ọwọ́ ẹni tí ń gbé etí igbó, ta ni yóò ṣọ́ ọ?