Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

“Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.” Ìpàdé ẹbí la ti ń gbọ́ òwe yìí jù lónìí, níbi tí àgbà ti ń fi í tu ọ̀dọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Pẹpẹ ga, ìkòkò àti iyọ̀ wà lórí rẹ̀; kèrègbè ní ikùn ńlá, ọrùn rẹ̀ há. Ohun tí ọwọ́ kálukú lè ṣe ni òwe náà fi pín iṣẹ́. Kò bèèrè ọkùnrin tàbí obìnrin, kò bèèrè ẹni tó ń sanwó ilé.

Ẹ gbé àmàlà àti ewédú síwájú ọmọ ọdún méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Díẹ̀ á wọ ẹnu, èyí tó kù á bá aṣọ àti ẹní lọ. Ìyá tó ń kánjú á gba abọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Láyé àtijọ́, orí itan ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lẹ́kọ, ẹkún òun ikọ́ á gba ilé kan. N kò bá àwọn ìyá wa jà, iṣẹ́ oko ló ń dúró dè wọ́n. Àmọ́ oúnjẹ àfipárọ lè ṣì ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 lórí oúnjẹ ọmọ oṣù 6 sí 23 ní kí á máa wo ojú ọmọ fún un lóúnjẹ, kí á mọ ìgbà tí ebi ń pa á àti ìgbà tó yó, kí á sì jẹ́ kó máa dá jẹun. Ohun tí ọwọ́ kékeré yẹn ń kọ́ nínú abọ́, àgbà kankan ò lè bá a kọ́ ọ.

“Lọ bá mi mú ṣíbí wá” náà, iṣẹ́ gidi ni. Ọmọ náà lè kó aṣọ ìdọ̀tí sínú agbọ̀n. Ó lè bá ìyá àgbà ṣa ẹ̀wà, bí ojú bá wà lára rẹ̀ kó má baà ki òkúta bọ ẹnu. Kò ní yá o! Ẹni tó bá ń fẹ́ kó yá, kó má pe ọmọ sí i.

Gíga pẹpẹ pàápàá wúlò. Oògùn, àti kẹrosíìnì tí a rọ sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀hún ni àyè wọn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ni ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ jù, òun náà ló sì jìnnà sí i jù. Ní 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 10 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Jòjòló nìyẹn wà fún. Ọmọ tó ti ń sáré kiri, tó ń da omi sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ la ní fún tirẹ̀: bí ìyá bá ń se ọbẹ̀, kí bàbá wẹ ọmọ, kó fọ abọ́, kó nu ilẹ̀. Bí ìyá bàbá bá wá kí wọn, ó lè máa wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí ẹni tí wọ́n sọ dẹrú. Àwọn tó ń pa òwe wa yìí ní kíkún a máa fi kún un pé bí èwe bá bẹ àgbà níṣẹ́, kí àgbà má kọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá gbé àkísà lé màmá àgbà lọ́wọ́, kí màmá bá wọn nù ún.