Fóònù Olówó Gọbọi: Kí Ni Ìtàn Rí Sọ sí I?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́: ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí èèyàn kó owó tó tó ná fún ọ̀pọ̀ oṣù lé orí fóònù kan ṣoṣo? Àwọn kan ní irinṣẹ́ ni. Àwọn kan ní fáàrí lásán ni. Àwa tí a ń kọ ìtàn kò ní fóònù tí a fẹ́ tà, a kò sì bínú sí ẹni tó ra tirẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe ni ká bojú wẹ̀yìn, ká wo bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nígbà tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ìbẹ̀fún la ti fẹ́ wò ó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdògbólú, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn kan nínú wa ti wá. Àwọn tó ń ṣe fóònù wọ̀nyí àti àwọn tó ń yìn ín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlú tí iná kì í kú ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà sì ti ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n tiwa la fẹ́ lò.

Ohun dídán tó gba orí omi wá

Ohun olówó iyebíye láti òkè òkun kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láàárín ọdún 1505 sí 1508, atukọ̀ ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ìwé kan nínú èyí tó ti dárúkọ ìlú ńlá kan tó pè ní Geebu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ni àwọn òpìtàn gbà pé ó ń sọ. Ó kọ ọ́ pé eyín erin àti ẹrú ni àwọn oníṣòwò ń rà níbẹ̀, àti pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń san lórí ẹrú kan.

Idẹ wúlò. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ìjẹ̀bú fi ṣe iṣẹ́ ọnà tó ṣì ń ya aráyé lẹ́nu títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí kò ní tẹjú mọ́ bí idẹ ṣe ń dán nìkan. Yóò béèrè ohun tó jáde nílé kí idẹ tó wọlé. A kò fi fóònù wé òwò ẹrú o, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá. Ìbéèrè yẹn nìkan la yá lò: ohun tó wọlé yìí, kí la fi rà á?

Nígbà tí fóònù jẹ́ ti ọ́fíìsì

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 18,724, àwa èèyàn sì lé ní ogójì mílíọ̀nù. Wọ́n dá NITEL sílẹ̀ lọ́dún 1985. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 2001, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ kò tó ìdajì mílíọ̀nù, nígbà tí àwa ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ ṣì rántí pé 037 ni nọ́ńbà ìpè tó jẹ́ ti agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá wà ní ìlú kékeré tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ní Èkó sọ̀rọ̀, ìgboro ló máa lọ, tàbí kó fi lẹ́tà rán awakọ̀.

Ní àwọn ọdún 1990, fóònù alágbèéká 090 wà, àwọn olówó Èkó ló sì ń gbé e. Ohun tí fóònù olówó gọbọi túmọ̀ sí nígbà náà ni pé o lè sọ̀rọ̀ láìdúró lórí ìlà. Àǹfààní gidi ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé ọwọ́ wọn.

Ọdún 2001 àti owó SIM

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, àjọ NCC, tí Ernest Ndukwe ń darí, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. SIM nìkan, láìka fóònù mọ́ ọn, ń lọ sí bíi 20,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láti ọdún 2000, jẹ́ 7,500 náírà. Èyí ni pé òṣìṣẹ́ náà máa fi owó oṣù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta ra SIM. Àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú náà sì ni wọ́n fi ń ka owó: bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti ìṣẹ́jú méjì lo san. Ibẹ̀ ni fílààṣì ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn ti rí jẹ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Globacom, ilé iṣẹ́ Mike Adénúgà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ ọjà pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún díẹ̀, SIM di ohun tí a ń fi owó gààrí rà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹni tó ra SIM ní 2001 àti ẹni tó rà á ní 2006 ń jẹ àǹfààní kan náà. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi owó rẹpẹtẹ rà ni ọdún márùn-ún tó fi ṣáájú. Oníṣòwò tó bá fi ọdún márùn-ún yẹn pe oníbàárà, tó rí ọjà tà, kò pàdánù. Ẹni tó fi kọ́ ọ mọ́ ìbàdí lọ sí òde ìnáwó nìkan, iyì ọdún márùn-ún ló rà.

BlackBerry àti ọ̀rọ̀ PIN

Ìtàn kan náà tún padà wá. Ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, BlackBerry ni fóònù tó ń sọ ẹni tí o jẹ́ lọ́gbà ilé-ìwé gíga. Ẹni tí kò ní PIN, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ òde tó ó létí. Yàtọ̀ sí owó fóònù, owó ìsopọ̀ rẹ̀ tó bíi 3,000 náírà lóṣù fún ètò tó pé, kó tó di pé wọ́n ń dín in kù. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe àlá: ìfiránṣẹ́ tí kì í jẹ káàdì ìpè, ímeèlì lọ́wọ́, ìròyìn kíákíá.

Ṣùgbọ́n WhatsApp ti wà láti 2009, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù oríṣiríṣi. Nígbà tí BBM fi máa dé orí Android àti iPhone ní oṣù Kẹwàá 2013, ọjà ti ń tú. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n oṣù kò sí, ọjọ́ tí fáàrí ń tán sì wà: BBM àwọn aráàlú parí ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2019, ilé iṣẹ́ náà sì pa ẹ̀rọ tó ń gbé àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ ró ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní 2022. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ló mọ iye BlackBerry tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ lónìí.

Ìṣirò tó yẹ ká jọ ṣe

Ní báyìí, iPhone àti Samsung tó ga jù ló wà nípò náà. iPhone àkọ́kọ́ wọ ọjà ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà 2007. Nígbà tí iPhone X jáde ní oṣù Kọkànlá 2017, 999 dọ́là ni. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní 360 náírà, ó jẹ́ nǹkan bí 360,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 18,000 nígbà náà, torí náà owó oṣù ogún ni. Nígbà tí iPhone 16 Pro Max jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, 1,199 dọ́là ni. Bí a bá ṣẹ́ ẹ ní nǹkan bí 1,600 náírà, ó lé ní 1,900,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù ti di 70,000, síbẹ̀ owó oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló gbà. A kò tíì ka owó ẹnu ibodè àti èrè oníṣòwò mọ́ ọn.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Láti fóònù àkọ́kọ́ sí èkejì, iye dọ́là fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Iye náírà di ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, owó iṣẹ́ wákàtí kan tí òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 7.25 dọ́là láti 2009. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò fi wákàtí 165 rí owó fóònù náà, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti díẹ̀. Fóònù kan náà ni: oṣù kan lọ́hùn-ún, ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta níbí. Torí náà, bí ẹnì kan ní Amẹ́ríkà bá sọ pé fóònù yìí tó owó rẹ̀, òótọ́ ló sọ fún ara rẹ̀.

Ohun tó dára nínú rẹ̀

A ò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Fóònù gidi ń pẹ́. iPhone X yẹn gba àtúnṣe ńlá sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dọọdún títí ìdìpọ̀ 2023 fi fò ó. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì gbà. Google ní 2023 àti Samsung ní 2024 ṣèlérí ọdún méje fún àwọn fóònù wọn tó ga jù. Bí o bá fẹ́ tà á, ó ṣì lówó lórí. Omi òjò kì í tètè pa á.

Kámẹ́rà rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàn ká ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ aráyé sì ti rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya fídíò fún owó, tó ń gba ohùn àwọn àgbà tó ṣì ń sọ ojúlówó Ìjẹ̀bú sílẹ̀, tàbí tó ń fi àwòrán bọ́ ara rẹ̀, irinṣẹ́ ló rà. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, àwọn kan nínú wa kọ́ iṣẹ́ lórí fóònù.

Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀

Ṣùgbọ́n fóònù olówó gọbọi kì í dá gbé. Ó fẹ́ iná, ó fẹ́ dátà, ó fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já gaara, ó fẹ́ atúnṣe tó mọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí èyí ní Ìbẹ̀fún lọ́sẹ̀ yẹn, owó tí o san kò lè pèsè rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sì ń rà, bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀. Láti iPhone 14 lọ́dún 2022, èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ojú tí a ń ki SIM sí mọ́. eSIM nìkan ló ń gbà, tó lè sọ nǹkan kékeré di ìrìnàjò sí ìgboro.

Ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan wa. Nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò ṣeé gbára lé, fóònù Tecno oní-SIM-méjì ti kún ọjà wa tipẹ́. iPhone kò gba nọ́ńbà méjì títí di 2018. Tecno ti ń fi kámẹ́rà tó mọ awọ dúdú yà polówó Camon kí Google tó gbé Real Tone jáde lórí Pixel 6 ní 2021. Nígbà tí owó wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí náírà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fóònù onítọ́ọ̀ṣì fi nọ́ńbà USSD san owó ata bí ti ọlọ́lá ṣe san án.

Ewu míì ni gbèsè. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan máa ń kó nọ́ńbà àwọn ará ilé rẹ, wọ́n á fi gbèsè rẹ dójú tì ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí àjọ FCCPC fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn lọ́dún 2022. Nígbà tí NIN, báǹkì àti SIM sì ti di ọ̀kan, ẹni tó já fóònù gbà kò gba fóònù nìkan.

Ìdájọ́ tiwa

Ohun tí ìtàn sọ fún wa láti orí SIM dé orí BlackBerry ni pé ohun tó wúlò jù nínú fóònù olówó gọbọi kì í pẹ́ tí yóò fi sọ̀kalẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń tà fún ọ. Torí náà, kó o tó san owó, bi ara rẹ pé kí ni mo fẹ́ fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe. Bí iṣẹ́ bá wà tí yóò dá owó náà padà, rà á, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní aláfẹ́. Bí kò bá sí, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ń ṣe nǹkan tí ọlọ́lá ọdún 2017 san owó oṣù ogún lé lórí.

Bàbá àti ìyá tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Ìbẹ̀fún kò fi ṣe ìṣirò dọ́là. Gààrí ni wọ́n ta, tàbí wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló ń san owó oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn. Ohun tó ń jáde nílé nìyẹn kí ohun dídán tó wọlé.