Ìwé tó wà lọ́wọ́ ìyá: Ìmẹ̀sí-Ilé, Kánò àti ìwádìí ìṣègùn lára ọmọdé

Ní ìlú Ìwó lónìí, bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, a sì mú káàdì ọmọ náà dání. Abẹ́rẹ́ yìí ti mọ́ àwọn òbí lára débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rántí pé àwọn ọmọ kan ló kọ́kọ́ gbà á, nígbà tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú bí yóò ti rí lára wọn. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Ìwó. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n wà, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí.

Ní àárín àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn àìsàn tó ṣeé dènà, bí èéyi, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú, ló ń pa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ dá ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, wọ́n sì ń kọ bí wọ́n ti ń dàgbà sílẹ̀ láti ìgbà ìbí wọn títí di ọdún márùn-ún. Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì tí a fi ń tọ́pasẹ̀ ìdàgbà ọmọ ti jáde, èyí tó padà tàn ká àgbáyé. Wọn kò ti káàdì náà mọ́ inú àpótí ilé ìwòsàn; ìyá ọmọ ni wọ́n fún pé kó tọ́jú rẹ̀ sílé. Ìwádìí ni, ṣùgbọ́n ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí èso rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, abẹ́rẹ́ èéyi tí John Enders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Boston dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Samuel Katz, ọ̀kan nínú wọn, wá sí Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà lára àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ọpọlọ ní ilé ìtọ́jú Fernald àti Willowbrook. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà máa ń mú ara ọmọ gbóná púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà láti dẹ ìnira rẹ̀. Èsì ìwádìí náà jáde ní ọdún 1963, ọdún kan ṣáájú kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé tó fọwọ́ sí Ìkéde Helsinki lórí ìlànà ìwádìí lára ènìyàn.

Kí ló lè mú òbí gbà nígbà náà? Ohun méjì hàn gbangba. Èkíní, àwọn tó wá bá wọn kì í ṣe àjèjì. Wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ, wọ́n sì ti mọ ojúlé. Èkejì, èéyi ń pa ọmọ lójú wọn. Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tí ikú ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò ní agbára púpọ̀ láti sọ pé rárá. Ìyọ̀ǹda tí ìbẹ̀rù bí kò lómìnira tán, bí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere.

Ní Kánò, ìbẹ̀rù wà, ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ kò sí. Ní ọdún 1996, àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn pa ènìyàn tó lé ní 10,000 ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ Pfizer kó oògùn Trovan wá sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Kánò. Wọ́n fún 100 ọmọ ní Trovan, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní ceftriaxone. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn aṣèwádìí náà kó ẹrù wọn lọ.

Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò wí fún àwọn pé ìwádìí ni, àti pé oògùn tí a ti mọ̀ wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn kan náà lọ́dọ̀ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières. Pfizer ní àwọn òbí fi ẹnu gbà, àti pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là lórí ẹjọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò pè, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Kí ìdílé kan tó gba owó, ó ní láti fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ DNA ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba 175,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan.

Owó yẹn kò ra ìgbẹ́kẹ̀lé padà. Nígbà tí Kánò dá àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró láti ọdún 2003 títí di 2004, ìrántí Trovan wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí gba àhesọ gbọ́. Àrùn náà tàn kọjá ẹnubodè Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní ọdún 1996 ló jẹ nínú gbèsè náà.

Lónìí, abala 32 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní ìwádìí tó jẹ mọ́ ìtọ́jú ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ fún àǹfààní ọmọ náà, kí òbí tàbí alágbàtọ́ sì fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ àlàyé. Òfin dára, àmọ́ ìtẹ̀ka lórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Àwọn Yorùbá ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Òbí tó ń bèèrè ní Ìwó pé kí ni oògùn yìí, ta ni yóò tọ́jú ọmọ mi bí ara rẹ̀ bá yí padà, ṣé mo lè mú un kúrò bí ọkàn mi kò bá balẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a dáhùn ní Kánò ni ó ń béèrè. Aṣèwádìí tó bá lè dáhùn rẹ̀ ní èdè ìyá náà, tó sì fi ẹ̀dà ìwé náà sí i lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi káàdì sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti na ọwọ́ gba ọmọ.