Ilé Kejì Létí Òkun: Ilẹ̀ Rírà àti Ilé Kíkọ́ ní Etíkun Ìlàjẹ láti Ọdún 1885

Ní oṣù kìíní ọdún 1885, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì tí ó ti gbé àsíá ìjọba rẹ̀ kalẹ̀ ní Togo àti Kamẹrúùnù ní ọdún tí ó ṣáájú, dé etíkun Màhín pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg tí ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ń wá ibi tí ẹrù rẹ̀ lè gbà wọlé láìfi owó bodè lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Amapetu, ọba Màhín, tẹ́wọ́ gba àdéhùn náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìjọba Jámánì yọwọ́ kúrò níbẹ̀, etíkun Màhín sì bọ́ sábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó kí ọdún náà tó parí. Nachtigal kò tilẹ̀ rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Inú ọkọ̀ ni ó kú sí ní oṣù kẹrin, nígbà tí ó ń padà lọ sílé. Bí a bá ka àwọn àlejò tí wọ́n gba etíkun Ìlàjẹ tí wọn kò sì gbé ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ní gbẹ́yìn.

Ìtàn yìí sábà máa ń wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kékeré lára ìjà àwọn òyìnbó lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò: kí ni Amapetu rò pé òun ń fi sílẹ̀? Ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ẹbí àti ìlú ni ó ni ilẹ̀. Àlejò a máa gba ilẹ̀ láti lò, kì í gbà á láti ni. Ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní London fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, bá ìjọba fà. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé ohun tí ọba gbà láàyè ni kí àlejò wá pàgọ́, nígbà tí àlejò ń ka ọ̀rọ̀ náà sí títà. Ní etíkun Ìlàjẹ, ìyàtọ̀ láàárín àgọ́ àti ohun ìní lágbára ju ti ibòmíràn lọ, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an kì í dúró sójú kan.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ti di ti òní. Láti ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà etíkun tí wọ́n fẹ́ kí ó gba Èkó dé Calabar, ilẹ̀ Ìlàjẹ sì wà nínú ètò rẹ̀. Ní Ìlàṣẹ, ìwọ̀ oòrùn Èkó, ó ti di àṣà àwọn olówó láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìsinmi wọn ní ìparí ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Bí títì bá dé Araròmí àti àwọn ìletò tí ó tẹ̀ lé e, kò sí ohun tí yóò dí ẹni tí ó ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Lẹkí lọ́wọ́ láti bi ara rẹ̀ bóyá kí òun náà ra ilé kejì sí etí òkun Ìlàjẹ. Àgbà sì ti sọ pé ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Etíkun yìí náà ní ohun tí a lè wò lára rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí ni pé ilé kejì kì í ṣe nǹkan tuntun fún àwọn Ìlàjẹ. Ìgbésí ayé apẹja ni ó sọ ọ́ di dandan. Ẹja a máa ṣí kiri, ẹni tí ó ń lé e náà gbọ́dọ̀ ṣí, ìdí sì nìyí tí àgọ́ àwọn Ìlàjẹ fi wà káàkiri etíkun títí dé Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì wà lára àwọn tí ó tẹ Mákòókò dó sórí ọ̀sà Èkó. Ilé orí omi tí a mọ̀ mọ́ wọn jẹ́ ilé onípákó àti ìmọ̀ ọ̀pẹ tí ó dúró lórí òpó igi. Bí omi bá ń sún mọ́ ọn, wọ́n lè tú pákó rẹ̀, kí wọ́n dì í sínú ọkọ̀, kí wọ́n sì tún un tò níwájú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wá ròkè láàárín wọn, ibi tí ó sábà máa ń kọ́ ilé gidi sí ni ilẹ̀ gbígbẹ: Ìgbókòdá, Òkìtìpupa, tàbí Èkó. Etí òkun ni iṣẹ́ wà. Ilé ìsinmi wà lókè. Ẹni tí ó ń ti ìgboro bọ̀ láti wá ra ilé ìsinmi sí etí òkun ń dojú ètò yìí dé, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ìdí tí ètò náà fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Etíkun Ìlàjẹ kì í ṣe irú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìwọ̀ oòrùn, ní ọ̀nà Araròmí, iyanrìn ni. Bí a bá ti ń lọ sí ìlà oòrùn, sí Ayétòrò àti Àwòyè, ẹrẹ̀ ni ó gba ipò iyanrìn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì kéré gan-an ní gíga sí ojú òkun. Iyanrìn tí ìgbì gbé lọ lónìí, ìgbì lè gbé òmíràn padà wá lọ́la. Ẹrẹ̀ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ́ ni, a kì í sì í rí i mọ́.

Ayétòrò ni ó fi èyí hàn jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tẹ ìlú náà dó lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò ti ṣe inúnibíni sí wọn. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kó owó sínú àpò kan, àpò náà ni ó ń bọ́ wọn, tí ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Wọ́n gbẹ́ ipa omi tí ó so ìlú mọ́ ọ̀sà, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, iná mànàmáná sì dé ọ̀dọ̀ wọn ní nǹkan bí ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ gbígbẹ ṣì ń tan fìtílà. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ wá láti òkè òkun láti kọ̀wé nípa wọn. Ohun tí ó kan àlàyé yìí jù ni pé kò sí ẹni tí ó lè ra ilé ní Ayétòrò nígbà náà. Ìlú ni ó ni ilé, ìlú ni ó ń pín in. Ìlú tí ó láṣeyọrí jù ní etíkun Ìlàjẹ, láìsí ọjà ilé ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń lọ sópin, ètò àpò kan náà túká. Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti wo ìyípadà yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti ọrọ̀ ajé. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń fi owó ara rẹ̀ kọ́lé, sìmẹ́ǹtì ń gba ipò pákó, ilé tí a kò lè tú sì ń gba ipò èyí tí a lè tú. Nígbà tí òkun wá dé, ẹni tí ilé rẹ̀ wó kò ní àpò ìlú tí yóò kọ́ òmíràn fún un. Ìwádìí olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2025, fi hàn pé ilẹ̀ tí ó lé ní 10 kìlómítà níbùú lóròó ni Ayétòrò ti pàdánù láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2004 ni àjọ NDDC ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun síta fún ìlú náà. Ogún ọdún kọjá, odi kò sí níbẹ̀.

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru òkun. Ní àyíká Àwòyè, ipa omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ láti ọdún 1970 síwájú ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú igbó omi dídùn. Igi kú, gbòǹgbò tí ó di ilẹ̀ mú jẹrà. Ìbàjẹ́ yìí wà lára ohun tí ó gbé àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sórí ibùdó epo Parabe nínú òkun ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, níbi tí àwọn sójà ti yìnbọn pa méjì nínú wọn. Wọ́n gbé Chevron lọ sí kóòtù ní San Francisco. Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ilé-iṣẹ́ náà láre.

Èkó ti kọ́kọ́ fi irú ọwọ́ ènìyàn bẹ́ẹ̀ hàn. Òkúta tí Gẹ̀ẹ́sì tò sẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ láàárín ọdún 1908 sí 1912 dá iyanrìn tí ó ń lọ sí ìlà oòrùn dúró. Etíkun ìhà ìwọ̀ oòrùn ń fẹ̀ sí i, Bar Beach ń run. Ṣùgbọ́n Èkó rí owó kó iyanrìn padà, ó sì rí owó mọ odi. Ìlàjẹ kò tíì rí i.

Ìwé wá ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹni tí ó bá sì ra ilẹ̀, ẹ̀tọ́ ìlò fún ìgbà kan ni ó gbà. Bí a bá wò ó dáadáa, òfin yìí sún mọ́ èrò Amapetu ju ti Gaiser lọ. Ṣùgbọ́n òpó mẹ́rin tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ni ìwé náà gbójú lé, òkun kì í sì í ka òpó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà, kí ó tó béèrè iye owó, ó yẹ kí ó bi ẹni tí ó ń tà á níbi tí òkun wà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kí ó sì jẹ́ kí ó mú òun dé ibẹ̀. Ní Araròmí, ẹsẹ̀ lè tó o. Ní Ayétòrò, ọkọ̀ ni wọn yóò wọ̀. Ó yẹ kí ó tún béèrè ẹni tí ó ń gbé orí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbé e sọ́jà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí òkun lé ní ìlà oòrùn ń wá ibi tí wọn yóò tún òpó rì sí, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n lè sún sí ju etíkun tí ó ṣì dúró lọ. Ilẹ̀ tí olówó ń wò fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wò fún gbogbo ọjọ́.

Ní Ayétòrò, àwọn ìdílé kan ti kó kúrò níwájú omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òkun ti gbé itẹ́ òkú ìlú lọ pẹ̀lú, tí àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1947 sì wà lára àwọn tí a sin síbẹ̀.